Ìrìn Òkè Oṣù Kẹrin Kan, àti Aago Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dárúkọ

Ìṣẹ̀lẹ̀ tí mo ń kọ sílẹ̀ yìí wáyé lórí òkè kan ní Swítsàlandì, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí, Ìjẹ̀bú-Òde náà la sì ti jókòó yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Àwọn tí mo kọ ọ́ fún ni àwa tí a ń kó ènìyàn rìn: àwọn tó ń mú àlejò lọ wo Eredo, ògiri àti kòtò àtijọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ní Òkè-Ẹ̀rí, àwọn olùkọ́ tó ń kó ọmọ ilé-ìwé wọ igbó, àti àwọn ẹgbẹ́ tó ń jáde lọ gbafẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ṣe olórí ìrìn náà wálé fún Ojúde Ọba, ó sì gbà láti ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wa, bí a kò bá ti ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí olórí náà kò sí nítòsí. Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò ti bára mu, n óò sọ ọ́ bí ó ṣe rí.

Mẹ́rin ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n ni n óò máa pe olórí wọn, nítorí bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń pè é nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún, ó ti pẹ́ ní Geneva, ó sì jẹ́ ẹni tí Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀ nílé máa ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí wọ́n tó ná kọ́bọ̀. Láti ìgbà tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti mọ síkì, ìyẹn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín, ó sì ti gun òkè tí wọ́n ń lọ yìí rí. Ìkejì ni nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ṣàgámù, òun ló kéré jù lọ́jọ́ orí. Ìkẹta ni ẹnjiníà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkì. Ẹnìkẹrin jẹ́ ọmọ Swítsàlandì tí òun àti Ẹ̀gbọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ sì là sí ọ̀rọ̀ òkè ju ti gbogbo wọn lọ. Kò sí ẹni tó jẹ́ amọ̀nà tó gba ìwé-ẹ̀rí nínú wọn.

Irú síkì tí wọ́n lọ ṣe kì í ṣe ti ibi ìgbafẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń fi okùn onírin gbé ènìyàn gòkè. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gòkè. Wọ́n á lẹ aṣọ onírun kan mọ́ abẹ́ pátákó náà kí ó má baà yọ̀ padà sẹ́yìn. Bí wọ́n bá dé òkè, wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á wá yọ̀ wálẹ̀. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà náà, kò sì sí ẹni tó ń mú yìnyín eléwu kúrò kí ènìyàn tó débẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń lọ ni ọ̀nà Grand-Saint-Bernard, àlàfo kan láàárín àwọn òkè tó wà lẹ́bàá ẹnubodè Swítsàlandì àti Ítálì, tó ga ní 2,469 mítà. Láti nǹkan bí ọdún 1050 ni ilé àlejò àwọn mọ́ńkì ti wà níbẹ̀, wọ́n sì ń gba arìnrìn-àjò sílé yípo ọdún títí dòní. Napoleon kó ọmọ ogun gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù Karùn-ún ọdún 1800. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1964 ni mọ́tò ti ń gba ihò abẹ́ òkè, wọ́n sì máa ń ti ọ̀nà orí òkè pa ní gbogbo ìgbà òtútù títí yìnyín yóò fi lọ, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ dé ilé àwọn mọ́ńkì náà nínú oṣù Kẹrin, àfi kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá a lọ lórí yìnyín. Bourg-Saint-Bernard, lẹ́nu ihò náà, ni wọ́n ń gbé mọ́tò sí. Láti ibẹ̀ dé òkè, gíga tí ènìyàn yóò gùn lé díẹ̀ ní 500 mítà, ẹni tí ara rẹ̀ bá dá sì lè dé láàárín wákàtí méjì sí mẹ́ta.

Ọ̀nà náà kò le láti rìn, èyí gan-an ló sì ń tan ènìyàn. Apá òkè rẹ̀ gba inú àfonífojì tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Combe des Morts, tí òkè tó dagun wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ènìyàn lè máa rìn jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ tí kò ga púpọ̀, kí ewu tó lè pa á sì wà lókè orí rẹ̀ níbi tí kò tilẹ̀ wò.

Kí ẹni tí kò gbé ibi tí yìnyín wà rí tó lè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀, ó yẹ kí n ṣàlàyé bí yìnyín oṣù Kẹrin ṣe ń ṣe. Lọ́sàn-án, oòrùn á yọ́ ojú rẹ̀, omi á sì máa jò wọ inú rẹ̀. Lóru, bí ojú ọ̀run bá mọ́ tí ìràwọ̀ hàn, ooru ojú yìnyín á jáde lọ sókè, omi náà á dì, ojú rẹ̀ á sì le débi pé ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀ láàárọ̀ láìrì. Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bo ojú ọ̀run mọ́jú, ooru náà kò ní rí ọ̀nà jáde dáadáa. Yìnyín kò ní dì, tàbí kí ó kàn sé èèpo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lójú. Ìdí yìí wà lára ohun tó mú kí òru ọyẹ́ máa tutù ju òru àsìkò òjò lọ nílùú wa. Bí oòrùn bá wá ta sí yìnyín tí kò dì lóru, kíá ni yóò rọ̀, omi á tú ohun tó so ó pọ̀, yóò sì ya kúrò lára òkè, pàápàá níbi tí òkè bá dagun láàárín 30 sí 45 dígírì. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ òkè fi ń jí lóru láti gùn ún, tí wọ́n á sì ti kúrò lábẹ́ àwọn ibi tó dagun kí oòrùn tó mú.

Ní alẹ́ Jímọ̀, wọ́n ka ìkìlọ̀ yìnyín tí ilé ìwádìí tó wà ní Davos máa ń gbé jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Ìpele 1 sí 5 ni wọ́n fi ń wọn ewu. Ti ọjọ́ kejì sọ pé ewu yóò wà ní ìpele 2 láàárọ̀, yóò sì gòkè sí 3 bí ọjọ́ bá ṣe ń gbóná. Èmi kò fẹ́ràn bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbọ́ ìpele 3 yẹn: nítorí pé ó bọ́ sí àárín, wọ́n á gbà á bí ẹni pé ewu náà kò tíì dójú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìpele 3 yìí ni púpọ̀ nínú àwọn tí yìnyín ń pa ní Swítsàlandì ti ń kú. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ kà á dáadáa. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ náà, nọ́ọ̀sì sì ṣì ní i lọ́wọ́, ó fi jẹ́ kí a gbọ́ ọ: “Ẹ jẹ́ ká kúrò nídìí mọ́tò ní aago márùn-ún ààbọ̀. Níbikíbi tí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá ti bá wa, a ó yí padà. Tí yìnyín bá sì ti rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba abẹ́ òkè tó dagun kọjá.” Èdè Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ilé, ó kọ ọ́ ní èdè Faransé fún ẹnìkẹrin wọn. Mi ò rí ohun tí olórí ìrìn kan lè fi kún un. Ètò náà pé.

Ohun kan wà tí kò sí nínú ohùn náà. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní agbègbè Geneva ń ṣe ìnáwó wọn, Ẹ̀gbọ́n sì ni alága ọjọ́ náà. Aṣọ ti wà nílẹ̀, olórin ti gba àsansílẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ilé àlejò àwọn mọ́ńkì, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n sùn mọ́jú bí oòrùn bá ká wọn mọ́ òkè, ti kúrò nínú ohun tí wọ́n lè ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé rárá. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ síta. Nígbà tí a bi Ẹ̀gbọ́n ní Ìjẹ̀bú-Òde bóyá ó rò ó wò láti sùn sí òkè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ta ló ń ṣe alága tí ò ní dé?”

Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n tó kúrò nídìí mọ́tò. Ẹni tó yẹ kó wá gbé àwọn kúlà ìnáwó nílé Ẹ̀gbọ́n kó tó di òwúrọ̀ ló pẹ́ dé, kò sì sí bí alága yóò ṣe fi kúlà sílẹ̀ lọ. Bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú ogójì ṣe lọ nìyẹn. Kí ẹ kíyè sí i pé aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ṣì wà níbi tó wà, nítorí oòrùn kò mọ̀ pé kúlà ló dá wọn dúró. Ohun tó kù láti gé ni jíjìn ìrìn náà: bí wọ́n bá sọ nídìí mọ́tò pé àwọn kò ní dé òkè mọ́ lónìí, pé ìdajì ọ̀nà làwọn ó dé, ìyókù àkọsílẹ̀ yìí kì bá tí sí. Wọn kò sọ ọ́. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ tí kálukú so mọ́ àyà wò, èyí tó ń rán àmì rédíò jáde kí wọ́n lè fi wá ẹni tí yìnyín bá bò mọ́lẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kálukú ló ní ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi ń gún yìnyín wá ènìyàn. Ní ti irin-iṣẹ́, a kò rí àléébù kankan.

Nídìí mọ́tò yìí náà ni nọ́ọ̀sì ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí ìràwọ̀ kankan nígbà tí à ń bọ̀ o.” Ẹ̀gbọ́n dáhùn pé ojú ọ̀run yóò là. Ojú ọ̀run sì là lóòótọ́. Kó tó di aago mẹ́jọ, ìkùukùu ti tú ká, oòrùn yọ, inú gbogbo wọn dùn, wọ́n ya fọ́tò. Bẹ́ẹ̀, òru tí ìkùukùu bò tí òwúrọ̀ wá mọ́ ṣáká tẹ̀ lé ni ó burú jù lọ nínú gbogbo bí ojú ọjọ́ ṣe lè pàdé: yìnyín kò dì lóru, oòrùn sì tún dé bá a láìsí ohun tó dí i lọ́wọ́. Ojú tó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan yóò rí ọjọ́ tó dára. Ẹnjiníà ló rí ti ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó rí. Ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ dá èèpo yìnyín lu, èèpo tí kò ju ìka ọwọ́ kan lọ ní sísanra, ó sì wọlé títí dé ìdajì. Nígbà tó fà á yọ, omi ń kán ní ẹnu rẹ̀. Ó fi han nọ́ọ̀sì. Láìpẹ́ sí i, ìṣù yìnyín kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yí wálẹ̀ lára òkè tó kọjú sí ìlà-oòrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa ìlà sílẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Ọmọ Swítsàlandì náà dúró, ó wò wọ́n, ó tún ń lọ. Lẹ́yìn náà ó tún dúró, ó tún wò.

Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ bá wọn lórí ilẹ̀ tẹ́jú kan, kí wọ́n tó wọ Combe des Morts. Ibí yìí ni kókó gbogbo ọ̀rọ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ìròyìn àwọn méjì kò ti bára mu. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò rán òun létí aago. Nọ́ọ̀sì ní òun rán wọn létí. Nígbà tí a wá bi í ní ọ̀rọ̀ gan-an tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sọ pé òun ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká sinmi díẹ̀ ná?” Ẹ̀gbọ́n gbọ́ èyí, ó sì rántí ìdáhùn tí òun fún un: “Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? A ti dé tán.” Àwọn méjèèjì ló sọ òótọ́. Ọmọbìnrin náà gbé ìkìlọ̀ sínú ìbéèrè tí ẹnu ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́ lè sọ sí àgbà, àgbà náà sì gbọ́ àárẹ̀ nínú rẹ̀, ó fi ìṣírí dá a lóhùn bó ṣe yẹ kí àgbà ṣe. Ìkìlọ̀ náà kò dé ibi tí wọ́n rán an. Ẹnjiníà dákẹ́, nítorí ó gbà pé òun ni ìmọ̀ òun nípa òkè kéré jù. Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti ọmọ Swítsàlandì. Ó ti mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n padà. Ó gbọ́ tí àwọn mẹ́ta ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lédè tí kò gbọ́, ó sì rò pé ọ̀rọ̀ aago náà ni wọ́n ń yanjú, pé wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n máa lọ. Kò fẹ́ tú ohun tí wọ́n ti pinnu ká. Mẹ́rin ni wọ́n, ẹni mẹ́ta nínú wọn ló fẹ́ yí padà, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù nígbà tí yìnyín ya. Kì í ṣe ńlá. Láti ara òkè ẹ̀gbẹ́ kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, nítorí yìnyín tútù kì í sáré bíi ti èyí tó gbẹ. Nọ́ọ̀sì sọ pé òun ráyè pariwo, òun sì ráyè rí ojú ẹnjiníà bó ti ń wá ibi tí yóò sá sí. Ẹ̀gbọ́n àti ọmọ Swítsàlandì ti kọjá, nọ́ọ̀sì kò tíì débẹ̀. Ẹnjiníà tó wà láàárín ni ó kàn. Ó gbá síkì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó yí orúnkún rẹ̀ po, ó sì sin ín dé ìbàdí. Bó ti dúró báyìí ló dì mọ́ ọn bí ẹ̀kọ ṣe ń dì sínú ewé. Kò lè gbé ẹsẹ̀, kò sì lè fi ọwọ́ wú ara rẹ̀. Ká ní ó bò ó mọ́rí ni, ìṣẹ́jú 10 sí 15 àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ ì bá wà, torí lẹ́yìn rẹ̀ ni ìrètí máa ń já wálẹ̀. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi gé yìnyín náà kúrò lára rẹ̀ ní ẹyọ-ẹyọ, ẹni kan sì ń wo òkè ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjì ń wa á. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, orúnkún náà kò gbà kó tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ìpinnu tó kù wá di mẹ́ta. Wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ sídìí mọ́tò: èyí ni Ẹ̀gbọ́n fẹ́, ó ní kí òun àti ọmọ Swítsàlandì fa ẹnjiníà lórí síkì, kí wọ́n tètè dé ilé ìwòsàn. Wọ́n lè tẹ̀ síwájú lọ sílé àwọn mọ́ńkì, tí kò jìnnà mọ́. Wọ́n sì lè kúrò lójú ọ̀nà yìnyín, kí wọ́n gun ibi kan tó yọ jáde díẹ̀ láàárín àfonífojì, kí wọ́n dúró síbẹ̀, kí wọ́n pe àwọn tó ń gba ẹ̀mí là. Ìsọ̀kalẹ̀ ló dàbí ọgbọ́n, nítorí ilé ni, mọ́tò sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ àwọn òkè tó ti gba oòrùn jù ni wọn yóò tún gbà, pẹ̀lú ẹni tí kò lè rìn, ní wákàtí tí oòrùn ń mú sí i. Títẹ̀ síwájú náà kò yàtọ̀: ibi tóóró jù lọ ṣì wà níwájú.

Níbí yìí ni nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ náà sì yàtọ̀ sí ti ìṣáájú pátápátá. Ó kúnlẹ̀ nídìí ẹnjiníà, ó ń di orúnkún náà, ó gbójú sókè, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ sọ lánàá pé tí yìnyín bá ti rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gba abẹ́ òkè yẹn kọjá. Ọ̀rọ̀ yín ni mo fẹ́ ká tẹ̀ lé. Ẹ bá wa pe àwọn tó ń gba ẹ̀mí là, ẹ̀yin lẹ gbọ́ Faransé jù.” Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa pé nígbà tí òun gbọ́ “ẹ̀yin lẹ sọ”, gbogbo àríyànjiyàn tán nínú òun. Ọmọbìnrin náà kò tako àgbà. Ọ̀rọ̀ àgbà náà ló gbé dìde fún un, ó sì fún un ní iṣẹ́ tí ipò rẹ̀ yẹ. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n gbé ẹnjiníà gun ibi tó yọ jáde náà, fóònù rí nẹ́tíwọọ̀kì níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n tẹ 144, ó sì ṣàlàyé ibi tí wọ́n wà, iye tí wọ́n jẹ́ àti ohun tó ṣe ẹsẹ̀ ẹnjiníà.

Hẹlikópítà gbé ẹnjiníà àti nọ́ọ̀sì lọ, ó sì padà wá gbé àwọn méjì tó kù, nítorí àwọn tó wá náà kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ sọ̀ lọ́sàn-án yẹn. Nígbà tí wọ́n gbéra, wọ́n rí i láti òkè pé yìnyín mìíràn, tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ti ya bo ojú ẹsẹ̀ wọn, ní ọ̀nà tí Ẹ̀gbọ́n ti fẹ́ kí wọ́n fa ẹnjiníà gbà. Àwọn tó gbọ́ ìtàn yìí ní Ìjẹ̀bú-Òde máa ń mí kanlẹ̀ bí a bá débẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ṣeun. Ọlọ́run ṣeun lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí olórí ìrìn má ṣe fi yìnyín kejì yìí wọn ìpinnu náà. Ká ní kò ya, dídúró ṣì tọ̀nà. Ká ní yìnyín àkọ́kọ́ kò kan ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì dé ilé àwọn mọ́ńkì mu tíì, títẹ̀ síwájú ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ṣì kù díẹ̀ káàtó. Púpọ̀ nínú wa ló ti kọjá irú aago bẹ́ẹ̀ tí ohunkóhun kò ṣe wá, tí a sì wá ń pe àṣeyọrí náà ní ìmọ̀. Ìnáwó náà wáyé. Igbákejì ló jókòó sí àga alága. Iṣan orúnkún ẹnjiníà ya díẹ̀, wọn kò ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ti ń rìn dáadáa.

Kí wá ni ti àwa tí kò sí yìnyín ní ìlú wa? Eredo jẹ́ ògiri erùpẹ̀ àti kòtò tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, ó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, àwọn ibì kan sì wà tí láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí ògiri tó bíi 20 mítà. Ìsàlẹ̀ kòtò yẹn tutù, ó lójìji, ènìyàn kì í rí ojú ọ̀run dáadáa níbẹ̀ nítorí igi. Bí òjò ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹrin bá ṣú, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni yóò mọ̀ kẹ́yìn, ọ̀nà tó sì fi sọ̀ kalẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́ lè di ilẹ̀ pupa tó ń yọ̀ tí kò ní ṣeé gùn padà. Ibẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ aago ni. Àwọn tí a ń mú lọ sì sábà máa ń ju ẹni tó ń mú wọn lọ lọ́jọ́ orí: olóyè, pásítọ̀, àlùfáà, ọ̀gá ilé-ìwé, bàbá àti ìyá tó wálé láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tó ń ṣe amọ̀nà kò lè sọ fún wọn pé “ẹ padà”. Mi ò sì rò pé ó yẹ kí a kọ́ ọ láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kò ní sọ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀.

Nítorí náà, àgbà inú ìrìn ni a ń jẹ́ kí ó dá aago ní ẹnu ara rẹ̀, níṣojú gbogbo ènìyàn, kí a tó wọ igbó: “Bàbá, aago mélòó ni kí a máa bọ̀?” Ẹni tó kéré jù la sì ń fún ní aago náà ṣọ́. Bí ó bá lù, kò ní béèrè bóyá a fẹ́ sinmi, yóò sọ pé: “Bàbá, aago tí ẹ dá ti lù.” Mo ti rí bí èyí ṣe ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò bá gbọ́ ti ọlọ́pàá. Bí ìdádúró bá wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń sọ ibi tuntun tí a ó dé kí mọ́tò tó gbéra, a kò sì ní fọwọ́ kan aago. Bí èdè méjì bá wà nínú ìrìn, ìpinnu ibi tí ọ̀nà ti pín gbọ́dọ̀ jáde ní èdè méjèèjì, kó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo ni kò gbọ́ ti wa. Èyí tó ń pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni ìbéèrè tí a fi kún un nítorí ìṣẹ̀lẹ̀ yìí: ta ló ní òde lónìí, aago mélòó sì ni? Ní Sátidé Ìjẹ̀bú, ẹni tí kò ní òde kò pọ̀. Ẹni tó bá ní i, ọ̀nà kúkúrú ni a ń mú un gbà, tàbí kí a bẹ̀ ẹ́ kó wá ní ọjọ́ Àìkú.

Ẹ̀gbọ́n àti nọ́ọ̀sì kò tíì fẹnu kò lórí ohun kan. Ẹ̀gbọ́n ní ó yẹ kí ọmọbìnrin náà pariwo mọ́ òun ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, pé òun kò ní bínú. Nọ́ọ̀sì ní òun mọ̀ pé wọn kò ní bínú, ṣùgbọ́n òun kò ní pariwo mọ́ wọn láéláé, àti pé bí ètò ìrìn bá jẹ́ èyí tó ń dúró de ìgbà tí ọmọ yóò pariwo mọ́ àgbà, kí wọ́n tún ètò náà ṣe. Ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni púpọ̀ nínú wa fì sí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n ti jọ padà lọ sí òkè náà láti ìgbà yẹn. Nọ́ọ̀sì ló mú aago lọ́wọ́, wọ́n sì sùn sílé àwọn mọ́ńkì.